Iyọ̀ Tí Ìyá Fi Sanwó Dókítà

Kọ́là yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé kan ni mò ń rán lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi já wọlé, tí kò tilẹ̀ rántí kí mi.

"Dìde, dìde! Ìyá ọkọ ẹ ti ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi."

Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ. Mi ò fà á yọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣínì, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá kí n lè tètè dé. Téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn mi. Èrò ti pé lé Ìyá lórí nígbà tí mo dé ibẹ̀, àfi bí ọkùnrin kan ṣe rí téèpù yẹn, tó ṣèbí ẹ̀rọ àyẹ̀wò dókítà ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn èèyàn sẹ́yìn: "Ẹ yà lọ́nà, dókítà ti dé!" Ẹ̀rín ìbá pa mí ká ní ọjọ́ mìíràn ni.

Ìyá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìró rẹ̀ tutù rin, garawa omi ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ gbé e.

"Ẹ má gbé mi bí òkú," ó ní. "Mo ṣì lẹ́sẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sínú omi náà, mo kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Kò wọ́. Mo ní kó gbé apá méjèèjì sókè. Ó gbé wọn sókè, ó sì fi ọ̀kan nínú wọn gbá mi lórí pẹ́ẹ́: "Ṣé eré ọmọdé lo fẹ́ bá mi ṣe níbí?" Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Ọkọ mi dókítà ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe yẹn, láti mọ̀ bóyá àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú èèyàn. Kí ẹni tó ń ka èyí má rò pé dókítà ni mo fẹ́ o. Awakọ̀ ni ẹni tí mo fẹ́, ó ń kó ẹrù lọ sókè ọya, ó sì máa ń pẹ́ kó tó délé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni dókítà. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ni, nítorí náà ọkọ mi ni, mo sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Òun náà kì í pè mí lórúkọ, "Ìyàwó wa" ló ń pè mí. Bí mo bá ti fẹ́ kúnlẹ̀ báyìí, á ti fà mí lápá: "Ìyàwó wa, ẹ dìde jàre. Ọ̀gá pátápátá níbi iṣẹ́ wa kì í rí irú ìkíni yìí gbà."

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Sátidé tí kò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́, Ìwó ló ń wá. Áfáà àdúgbò wa yọ̀ǹda ilé kéú rẹ̀ fún un, òun àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéú, wọ́n á máa wo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó máa ń bá Áfáà ṣeré pé tó bá yá, òun á sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, Áfáà á ní kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn tó ń dun òun ná. Àwọn aláìsàn ń wá láti Kúta, láti Olúpọ̀nnà, láti Ilé-Ogbó, àwọn tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ Òṣogbo nìkan á ti dá wọn jókòó sílé. Àwọn dókítà yẹn ló ń dá owó ra oògùn, láti inú owó oṣù tí àwọn fúnra wọn ń wò lójú. Wọn kì í gba nǹkan kan. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá jáde ni mò ń pe àwọn èèyàn wọlé, tí mò ń ṣàlàyé oògùn fún wọn: èyí láàárọ̀, èyí lẹ́yìn oúnjẹ. Mi ò ní parọ́, inú mi máa ń dùn tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo máa ń lọ aṣọ mi dáadáa ní Sátidé ju bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń kó ìtìjú bá wa ni mọ́tò rẹ̀. Kì í jí láìtì. Tí kílíníìkì bá parí, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n wá gba ìtọ́jú ló ń tì í dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà kó tó jí.

Àbúrò bàbá ọkọ mi, àgbà tó kù nínú agbo ilé wa, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn sinmi. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Dókítà tí à ń ti mọ́tò rẹ̀!" á wí láti orí àga rẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ wà nílùú òyìnbó, ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ tiwọn, ó ti jí."

"Bàbá, ìyá oníyàá làwọn yẹn lọ ń tọ́jú. Tèmi wà ní Ìwó."

"Ìyá tìrẹ náà mà fẹ́ gun mọ́tò tó ń jí o!"

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àwọn ará òkèèrè ti pe ọkọ mi sí iṣẹ́ lóòótọ́, owó oṣù tí wọ́n dárúkọ fún un sì tó ohun tó lè mú kí èèyàn gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó sọ fún mi nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ Ìyá ń ru gidi gan-an. Bí mo bá lọ, ta ni á máa wò ó? Ẹ jẹ́ kí n rí i pé oògùn ti mú un ná." Torí Ìyá ló ṣe dúró. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nítorí náà, bí mo ṣe mú Ìyá délé lọ́jọ́ yẹn ni mo pè é, ó sì wá láti Òṣogbo ká tó kí ìrun Àsárì. Kò yọ hijáàbù, kò mu omi. Ó so ẹ̀rọ bípì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Ìyá lápá, ó wo iye tó gbé jáde, ó tú u, ó tún un so mọ́ apá kejì. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, mo mọ ojú rẹ̀ tó bá wo ẹ̀rọ. Mi ò tíì rí i kó rí báyẹn rí.

"Ìyá, oògùn tí mò ń fún yín ńkọ́?"

"Mò ń lò ó."

"Ẹ wò mí lójú, Ìyá."

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá ń wò. "Mo ní mò ń lò ó. Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

Ìyá kò tíì gbà kí n pààrọ̀ ìró tútù ara rẹ̀, ọkọ mi wá ní kí n lọ mú aṣọ gbígbẹ fún un. Mo wọ yàrá lọ, mo ṣí àpótí rẹ̀. Lábẹ́ ìró tó wà lókè, nínú gèlè àtijọ́ kan tó dì mọ́ra bíi ti ọmọ tuntun, gbogbo oògùn tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kó fún un ní Sátidé ni mo bá. Gbogbo rẹ̀. Páálí kan kò ṣí.

Mo dúró sójú kan. Ìyàwó ilé ni mí. Ìyàwó kì í tú àṣírí ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ìyá tí kò bí mi tó ń tọ́jú mi bí ọmọ yóò kú mọ́ mi lójú. Ìró nìkan ni mo mú jáde. Mo kúnlẹ̀, mo nà án sí Ìyá, mi ò sì lè gbé ojú sókè.

Ó wò mí títí. "Ìyàwó, o ti rí i."

Mo di téèpù ọrùn mi mú.

"Lọ gbé e wá. Ojú ẹ kò mọ irọ́ pa."

Nígbà tí mo tú gèlè náà sílẹ̀ níwájú ọkọ mi dókítà, ṣe ló rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń ṣí páálí kọ̀ọ̀kan wò, ó ń pa á dé.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ta ló fẹ́ kú? Èmi tí mo ṣì fẹ́ jẹ ẹran ìgbéyàwó rẹ?"

"Kí ló wá dé?"

Ìyá fa ìró gbígbẹ náà mọ́ra. Ó ní, "Oògùn ọ̀fẹ́ kì í jẹ́."

Ó wá ṣàlàyé, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó ní ṣebí a mọ̀ pé egbò àti èèpo igi ni bàbá òun tà títí ó fi kú. Kò sí ẹni tó ń mú egbò kúrò níwájú rẹ̀ láìfi nǹkan sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹbí. Bí ìyá tó bí i lọ́mọ bá wá gba egbò ibà, iyọ̀ díẹ̀ ni ìyá yẹn á bù lé e lọ́wọ́, á tọ́ ọ lá, kó tó gbé egbò fún un. "Kì í ṣe owó," Ìyá ní. "Ṣùgbọ́n oògùn tó ò fi nǹkan gbà, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé tìẹ lòun?"

"Ìyá mi, oògùn tèmi kì í ṣe egbò. Kò mọ ẹni tó sanwó, kò mọ ẹni tí kò san."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé adìyẹ fún ẹ ńjọ́sí, o ní òfin iṣẹ́ yín kò gbà á. Mo gbé ẹyin, o ní rárá. Mo fún ẹ lówó, o wò mí bí ẹni pé mo bú ẹ. Kí ni kí n wá ṣe? Ṣé kí n máa na ọwọ́ gba sàráà lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí?"

Sàráà yẹn ló dun ọkọ mi. Omi lé sójú rẹ̀. Ó ní, "Sàráà, Ìyá? Nítorí yín ni mo ṣe wà níbí!"

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí ọkọ mi má bínú, ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì kílíníìkì, àfi bíi pé ó wá so pọ̀ lójú mi bí ìgbà tí èèyàn rán apá mọ́ aṣọ. Ìyá nìkan kọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Kúta sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé òun ń gba oògùn ọ̀fẹ́ torí ọ̀wọ̀ dókítà, òun á gbé e sórí àjà, òun á wá lọ sí kẹ́míìsì lọ fi owó ra irú rẹ̀ gan-an, torí òun fi owó gba ìyẹn. Tí owó kò bá sí, kò ní lo èyíkéyìí. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

"Àwọn wo wá ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń wálẹ̀?" mo bi í. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé àwọn kan ń ṣe dáadáa."

Ó ronú. "Àwọn ọlọ́kadà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Mo rò pé torí pé wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni."

"Àwọn ló ń ti mọ́tò yín, ọkọ mi. Wọ́n ti sanwó."

Ó bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lójú. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì lórí ẹní. "Èmi náà ì bá ti tì í," ó ní, "orúnkún ni kò jẹ́."

Bàbá àgbà, àbúrò bàbá ọkọ mi, ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò jẹ́ ká mọ̀. Ó wọlé tọ̀pátọ̀pá. "Mo wí àbí mi ò wí? Gbowó lọ́wọ́ wọn! Ẹ̀mí Ìyá rẹ gan-an ń bẹ ẹ́ pé kó o gbowó!"

"Bàbá, mò ń gba owó oṣù," ọkọ mi dáhùn. "Ó ń pẹ́ kó tó dé, kì í sì í tó mi, ẹ̀yin náà rí mọ́tò mi. Bí ìjọba bá fi kún un lọ́la, màá gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, torí iṣẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé mi kì í ṣe títà. Ẹni tó wá láti Olúpọ̀nnà lórí ọ̀kadà, tí kò ní owó àtipadà, kí ni kí n gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Bàbá fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò dúró gbọ́ ọ. Ó ti yí sí Ìyá. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, bí èmi ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí òun, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ fún mi ní iyọ̀."

Ìyá wò ó. "Ìwọ tó o ní kí n má jẹ iyọ̀ mọ́?"

"Òun ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Èyí tí ẹ ń jẹ gan-an ni kí ẹ fún mi."

Mo ti sáré dé ilé ìdáná. Mo gbé agolo iyọ̀ wá. Ìyá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka mẹ́ta mú díẹ̀, ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi tọ́ ọ lá. Kò ṣe é bí eré rárá. Dókítà tó kàwé débi tí ìwé pin, ó tọ́ iyọ̀ lá níwájú Ìyá rẹ̀ bí bàbá Ìyá ṣe ń tọ́ ọ lá níwájú igbá egbò láyé àtijọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé hóró oògùn kan fún un. Mo bu omi. Ìyá gbé e mì, ó gbé àgbọ̀n sókè kó lè rọra lọ.

"Ó korò," ó ní.

"Ó yẹ kó korò," ni Bàbá wí. "O ti sanwó ẹ̀."

Ọkọ mi dìde, ó gbé agolo iyọ̀ náà há abíyá.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Owó mi ni, Ìyá. Gbogbo rẹ̀."

"Olè! Kí ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀?"

"Ẹ fi ata sè é."

Bí ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé kéú nìyẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike funfun kan, mo ní kí oníkálùkù bu iyọ̀ díẹ̀ wá láti inú ìkòkò ilé rẹ̀, pé ohun tí dókítà ń gbà nìyẹn. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà obìnrin ń tú u láti ìṣẹ́tí ìró, wọ́n ń bù ú sínú ike bí ẹni ń san gbèsè tó ti pẹ́ lọ́rùn wọn, wọ́n sì ń gbé orí sókè wọlé. Bàbá àgbẹ̀ Kúta gbé odidi àpò iyọ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́, ó ní àìsàn tòun wúwo. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé e padà. Kò gbà. Ìyàwó Áfáà tó ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ kéú kò ra iyọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, bí ike bá ti kún, ilé ìdáná rẹ̀ ló ń lọ. Àwọn dókítà yòókù kọ́kọ́ ń wo ara wọn lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i bí ẹ̀rọ bípì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun mìíràn lára àwọn tí wọ́n ti sọ ìrètí nù nípa wọn, ẹni Onítẹ̀bọmi yẹn ní òun fẹ́ kọ ìwé nípa ìyá wa. Ìyá ní kó kọ́kọ́ mú iyọ̀ wá.

Ìyá ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Ó máa ń pè mí kí n wá wò ó bó ṣe ń gbé e mì, bíi pé ọmọ ìkókó ni òun. Sátidé kan tí ọkọ mi wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tú ẹ̀rọ náà, ó sì dojú bolẹ̀ sórí itan Ìyá. Mo yọ ojú wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ. Mo ti mọ̀ ọ́n kà: ẹ̀jẹ̀ Ìyá ti wálẹ̀. Mo jáde lọ sídìí ike iyọ̀ mi, mo dúró, mo sì fà ró bíi pé èmi gan-an ni mo bí dókítà.

Kò tíì lọ sókè òkun. Bó bá lọ lọ́jọ́ kan, mi ò ní bá a jà, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹ èrè tó tó o. A ṣì ń ti mọ́tò rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù mi dé láti iléèwé, ó fajú ro. Mo bi í pé ta ló nà án. Ó ní kò sẹ́ni tó nà án. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń fi Àǹtí dókítà ṣe yẹ̀yẹ́, pé talákà ni, pé iyọ̀ ni wọ́n ń san fún un, pé dókítà gidi kì í gba iyọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?"

Mo dá maṣínì dúró. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá dúró lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, báàgì ọmọ náà lórí rẹ̀, ó ń bá obìnrin ọlọ́ṣẹ yọwó ọṣẹ dúdú, ohùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò.

"Òótọ́ ni," mo sọ fún un. "Iyọ̀ ni wọ́n ń san. Ta ló wá mú ẹ níléèwé lónìí?"

"Ìyá àgbà ni."

"Ṣé wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá?"

"Wọ́n yára ju èmi gan-an lọ."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá tún fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la, fi Ìyá àgbà hàn wọ́n lẹ́nu géètì. Sọ fún wọn pé iyọ̀ tí Àǹtí rẹ gbà ló ń gbé báàgì yẹn bọ̀."